Láti Omi Eérú Dé Kọ́sítíìkì Sódà: Ọ̀rọ̀ Àdìrẹ Ẹ̀gbá

Orúkọ àdìrẹ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: à ń dì í, a sì ń rẹ ẹ́. Ohun tí orúkọ náà kò sọ ni ìpalẹ̀mọ́ tó ṣáájú méjèèjì, níbi tí ewu iṣẹ́ náà pọ̀ sí.

Ní Abẹ́òkúta àtijọ́, aṣọ kì í ti ọjà bọ́ sínú aró tààrà. Aṣọ òwú funfun tí àwọn oníṣòwò ń kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ní oje tí ilé-iṣẹ́ fi mú un le. Bí wọn kò bá fọ oje náà kúrò, aró kò ní wọlé dáadáa. Lẹ́yìn fífọ̀ àti sísá ni wọ́n tó ń fi ìko dì í, tàbí kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán an pọ̀, tàbí kí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ gbágùúdá sí i lára.

Aró fúnra rẹ̀ gba sùúrù. Wọn a gún ewé èlú, wọn a ṣù ú, wọn a sá a gbẹ, wọn a sì rẹ ẹ́ sínú omi eérú. Ìkòkò tí ìdí rẹ̀ ní ihò ni wọ́n ń kó eérú sí, wọn a gbé e ka orí òmíràn, kí omi tí wọ́n dà sí i lè máa ro díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni yóò kọjá kí aró tó kan.

Ní ọdún 1897, ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì gbé aró àtọwọ́dá jáde fún títà. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1920, aró yìí àti kọ́sítíìkì sódà ti wà lọ́wọ́ àwọn aláró Ẹ̀gbá. Sódà yá ju eérú lọ, ó sì dín wàhálà kù. Ta ni yóò bá wọn wí pé wọ́n gbà á? Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, aṣọ a gbó kíákíá. Aláké Ladapo Ademola Kejì fi òfin de méjèèjì, àwọn obìnrin aláró sì kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní ọdún 1936. Ìyì aṣọ àti ọjà ni ìjà náà dá lé. Ti ara aláró fúnra rẹ̀ tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Sódà ò sì kúrò nílùú. Òun náà ni ẹni tó ń ṣe àdìrẹ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lónìí ń rà, nígbà mìíràn nínú ọ̀rá tí kò ní àkọlé kankan. Omi tútù ni a kọ́kọ́ ń bù, kí a tó máa bu sódà sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá da omi lé sódà lórí ń pe jàǹbá, nítorí yóò hó, yóò sì ta sí i lójú. Ìkòkò alumíníọ̀mù kò yẹ, nítorí sódà ń jẹ ẹ́. Ike tó nípọn ló dára, kì í sì í ṣe èyí tí wọn yóò tún fi se ọbẹ̀ lọ́la. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò ojú kì í ṣe àṣejù. Bí ó bá kan ara, omi púpọ̀ tó ń ṣàn ni kí a fi fọ̀ ọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Èyí tó burú jù ni sódà tó ṣẹ́kù, tí wọ́n rọ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Àwọn dókítà ní Nàìjíríà ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé tó gbé irú ìgò bẹ́ẹ̀ mu, tí ọ̀nà ọ̀fun wọn jóná débi pé oúnjẹ kò lè kọjá mọ́.