Ìfọwọ́sí

Fi, ọwọ́, sí: ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló para pọ̀ di “fọwọ́sí”. Ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ ìwé ti fọwọ́ sí i. Ẹni tó gbà pé kí nǹkan ṣẹlẹ̀ náà ti fọwọ́ sí i, bí kò tilẹ̀ mú kálàmù dání. Àárín ìtumọ̀ méjèèjì yìí ni mo há sí nígbà tí mo kó láti Kánò wá sí Ìbàdàn, tí mo fẹ́ ra ilé.

Ẹni tó ta ilé fọwọ́sí níṣojú ẹlẹ́rìí, èmi náà fọwọ́sí. Mo rò pé ó ti parí. Àṣé Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àbójútó gómìnà. Abala 22 ní kí ẹni tí gómìnà fún ní ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ má tà á láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Abala 26 sì sọ irú títà bẹ́ẹ̀ di òfo. Ìfọwọ́sí tiwa wà nílẹ̀, tìjọba ló kù.

Wọ́n ní kí n mú ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta wá. Kánò ni mo ti san án, mo tún wọ mọ́tò padà lọ. Nígbà tí mo fi dé, ẹni tí fáìlì wà lábẹ́ rẹ̀ ti gba ìsinmi. Ẹrù wa ṣì wà nínú páálí ní yàrá tí a háyà. Ó dùn mí gan-an.

Ọwọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń bèèrè. Fáìlì wa ti dórí tábìlì márùn-ún, a ṣì ń dúró de ọwọ́ kan.