Amọ̀kòkò Tí Ó Yẹ Ìwé Rẹ̀ Wò

Ọ̀tọ̀ ni kí ọjà máa tà, ọ̀tọ̀ ni kí ọlọ́jà máa jèrè. Òtítọ́ yìí ni ó dé bá Josiah Wedgwood, amọ̀kòkò ará Staffordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1772.

Ọdún 1769 ni ó ṣí ilé iṣẹ́ titun tí ó sọ ní Etruria. Àwọn ọlọ́lá ń ra àwo rẹ̀. Olorì Charlotte, aya Ọba George Kẹta, wà lára àwọn oníbàárà rẹ̀. Síbẹ̀ owó kì í tó o ná. Ní oṣù kẹfà ọdún 1772, báńkì kan fọ́ ní London, ìjayà sì bá gbogbo oníṣòwò: gbèsè kò ṣe é gbà mọ́, ọjà kò yá, àwo sì ń jọ gègèrè nínú ilé ìkẹ́rùsí.

Nígbà náà ni Wedgwood jókòó ti ìwé rẹ̀. Ó mú àwo àti ìkòkò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣírò ohun gbogbo tí wọ́n ná an: amọ̀, iná tí a fi sun wọ́n, owó ọ̀yà, owó ilé, owó akọ̀wé, àti ìnáwó títà wọn ní London. Ohun mẹ́ta ni ó rí. Èkínní, iye owó tí ó fi lé ọjà kò bá iye tí ọjà náà ná an mu. Èkejì, akọ̀wé kan ní London ti ń jí owó rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ó jinlẹ̀ jù: bí àwo bá ti ń pọ̀ sí i ni owó amọ̀ ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n owó ilé àti ti ohun-èlò tí ń fún àwo ní ìrísí fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà, ìbáà ṣe ọgọ́rùn-ún àwo ni a ṣe, ìbáà ṣe ẹgbẹ̀rún. Nítorí náà ó pinnu láti ṣe púpọ̀ nínú irú kan, kí ó sì dín owó rẹ̀ kù kí àwọn tí kì í ṣe ọlọ́lá lè rí i rà.

Àwo tí ó jọ sílé pàápàá ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Owó tí a ná lé wọn kò tíì di ti ọjà títà. Bí àwọn oníṣirò ti ń ṣe é nìyí: a ó mú iye ọjà tí ó wà nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, a ó fi iye tí a ná láti ṣe ti ọdún náà kún un, a ó sì yọ iye èyí tí ó ṣẹ́kù ní òpin ọdún. Bí ọjà £20 bá wà nílẹ̀, tí a ná £100 láti ṣe òmíràn, tí ti £30 sì ṣẹ́kù, £90 ni ọjà títà náni. Ẹni tí ó gba £85 lórí rẹ̀ pàdánù £5, bí àpótí owó rẹ̀ tilẹ̀ kún.

Ní ọdún 1795 tí Wedgwood kú, ọlọ́rọ̀ ni. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.