Obìnrin Ní Láti Mọ̀ Kó Tó Lè Kọ̀

Kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó dé ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, àwọn obìnrin wa ní ohun tí wọ́n fi ń dáàbò bo ara wọn. Bí ìyàwó bá rí i dájú pé atọ̀sí ń ṣe ọkọ òun, ó lè kọ ibùsùn. Ní Odò-Ọwá, ní Ìjerò, ní Ìpotì, kò sẹ́ni tí yóò pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní aláìgbọràn. Bí ọkọ bá fàáké kọ́rí, ìyàwó yóò palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, yóò gba ilé bàbá rẹ̀ lọ, àwọn ẹbí rẹ̀ kò sì ní í dá a padà títí ọkọ yóò fi wá ìtọ́jú lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́ ìlera ní agbègbè Ìjerò, lẹ́yìn tí mo jáde nílé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera tó wà nínú ìlú náà. Bí òfin ilé ni wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́, láìgbé ohùn sókè.

Àwọn ọ̀mọ̀wé náà gbọ́ ọ. Nígbà tí ìbẹ̀rù Éèdì ń tàn ká Áfíríkà, àwọn ará òkèèrè ń kọ̀wé pé obìnrin aláwọ̀ dúdú kò lè sọ pé rárá fún ọkọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n I. O. Orubuloye ti yunifásítì Adó-Èkìtì, pẹ̀lú John Caldwell àti Pat Caldwell, tọkọtaya onímọ̀ láti Ọsirélíà, kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ láìwádìí. Wọ́n bi àwọn ará Èkìtì léèrè ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ dáhùn. Ìwádìí wọn lórí ìbálòpọ̀ ní Èkìtì jáde ní 1991. Ní 1993 wọ́n gbé òmíràn jáde tó fi hàn pé obìnrin Yorùbá lè kọ̀ fún ọkọ tí àrùn ìbálòpọ̀ ń ṣe, ẹbí rẹ̀ yóò sì dúró tì í. Inú mi dùn pé ẹnu àwọn ìyá wa ni ìmọ̀ náà ti wá.

Ọmọ ọmú ni orísun ẹ̀tọ́ yìí. Nígbà ayé ìyá tó bí mi, obìnrin tó bá bímọ kò ní í sún mọ́ ọkọ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, nítorí wọ́n gbà pé àtọ̀ ọkùnrin yóò ba omi ọmú jẹ́, ọmọ yóò sì máa rù. Ìyá ọkọ gan-an ló ń ṣọ́ òfin náà. Ojú máa ń ti obìnrin tó bá lóyún nígbà tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì já lẹ́nu ọmú. Láti kékeré ni ọmọbìnrin ti mọ̀ pé ìgbà kan ń bọ̀ tí ọkọ kò ní ní àṣẹ lórí ara òun. Ẹni tó bá ti fi ọdún mẹ́ta kọ̀ nítorí ọmọ, kò ṣòro fún un láti fi oṣù mẹ́ta kọ̀ nítorí atọ̀sí.

Àmọ́ àṣà yìí kan náà ló ń ṣílẹ̀kùn fún àrùn. Ní gbogbo ọdún tí ìyá ọmọ fi ń fún ọmọ lọ́mú, ọkọ ń wá ibòmíràn lọ: ìyàwó kejì bó bá lówó, àlè bí kò bá lówó. Awakọ̀ akẹ́rù tó ń gba ọ̀nà Iléṣà kọjá ń sùn síbi tí ilẹ̀ bá ti ṣú u; obìnrin alájàpá náà ń sùn ní ìlú onílùú. Orubuloye àti àwọn Caldwell kọ̀wé lórí àwọn awakọ̀ àti àwọn alájàpá wọ̀nyí pẹ̀lú.

Ibi tí ẹ̀tọ́ náà ti kùnà ni pé obìnrin ní láti mọ̀ kó tó lè kọ̀. Bí atọ̀sí bá mú ọkùnrin, ìtọ̀ á máa ta á, ọyún á máa jáde, ó mọ̀ nínú ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin kì í rí àmì kankan. Àwọn àgbà sì gbà pé kòkòrò atọ̀sí ń gbé inú gbogbo ènìyàn, pé oúnjẹ dídùn ló ń mú un pọ̀ jù, àgbo kíkorò ló sì ń dín in kù. Ọkùnrin tó gbé àrùn wálé lè di ẹ̀bi ru ohun dídùn tó jẹ, kó máa mu àgbo rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, kí ìyàwó má fura. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ àrùn ti dí ọ̀nà ilé ọmọ obìnrin náà pa. Ẹbí á wá máa wá àjẹ́ kiri. Mo ti rí obìnrin tí wọ́n pè ní àgàn títí ó fi dàgbà, tí ẹnikẹ́ni kò bi ọkọ rẹ̀ ní ìbéèrè kan rí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń dùn mí.

Láti 1906 ni August von Wassermann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ti rí ọ̀nà láti fi ẹ̀jẹ̀ mọ sífílíìsì, àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó kan aláboyún ìlú kékeré bíi tiwa. Penisilíìnì tó ń wò ó dé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹni tó bá fẹ́ ìtọ́jú òyìnbó nígbà náà lè lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà tàbí Ilé Àbíyè ní Adó. Ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, níbi tí wọ́n sin Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì kò fẹ́ gba oògùn kankan láti ìgbà ìsọjí Babalọlá ní 1930. Omi àdúrà ló tó wọn. Ìgbàgbọ́ wọn kò bí mi nínú. Síbẹ̀, àdúrà kì í sọ fún ìyàwó ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọkọ.

Lẹ́yìn náà ni Éèdì dé. Ní 1986 ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tó ní in ní Nàìjíríà. Olikóyè Ransome-Kuti ni mínísítà ètò ìlera nígbà náà, òun ló sì fi ẹsẹ̀ ìlera alábọ́dé múlẹ̀ dé ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, Fẹlá olórin, kú ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1997, Olikóyè jáde sí gbangba, ó ní Éèdì ló pa á. Mo ka ìyẹn sí iṣẹ́ ìlera tó tóbi jù nínú ohun gbogbo tó ṣe, torí lẹ́yìn rẹ̀ àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ orúkọ àrùn náà jáde. Ní 2001, nínú ọgọ́rùn-ún aláboyún tí wọ́n yẹ̀ wò káàkiri orílẹ̀-èdè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́fà tó ní kòkòrò HIV. Ìwádìí 2018 fi hàn pé ó ti lọ sí ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn ẹni ọdún 15 sí 49.

Ọ̀pọ̀ ìjọ wá sọ ọ́ di dandan pé kí àfẹ́sọ́nà mú èsì àyẹ̀wò HIV wá kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ dára. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí pásítọ̀ ṣí èsì kó tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Mo sì rí ewu mìíràn níbẹ̀: tọkọtaya á ṣe àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó ṣègbéyàwó, wọn kò ní í ṣe é mọ́ láéláé, bí ẹni pé ìwé yẹn á máa ṣọ́ ọkọ lójú ọ̀nà. Atọ̀sí àti sífílíìsì kò sì sí nínú àyẹ̀wò náà rárá.

Sífílíìsì tí wọ́n bá tètè rí, abẹ́rẹ́ penisilíìnì kan ṣoṣo sábà máa ń tó o. Ẹni tó ní HIV, tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé títí àyẹ̀wò kò fi rí kòkòrò náà mọ́, kò ní í kó o ran ẹni tó ń bá sùn, aláboyún sì lè bí ọmọ tí kò ní in. Kọ́ńdọ̀mù kò kúrò nínú ọ̀rọ̀ o. Bí ẹnì kan bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sínú ewu, kó tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, torí kòkòrò HIV lè má tíì hàn níbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ọkùnrin Odò-Ọwá, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀ jù. Bí ìyàwó yín bá ń lọ ṣe àyẹ̀wò oyún, yálà nílé ìwòsàn àdúgbò ni tàbí nílé ìwòsàn ńlá ní Ìdó-Èkìtì, ẹ tẹ̀ lé e, kí ẹ yọ ẹ̀jẹ̀ tiyín náà, kí ẹ sì jẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ rí èsì yín.