Igi Ilẹ̀ Wa àti Gbọ̀ngàn Orin Tí A Kò Tíì Kọ́

Àwọn àyàn ilẹ̀ Yorùbá máa ń sọ pé igi ọmọ̀ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ló dára jù fún ìlù, torí pé láti kékeré ló ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ èèyàn. Irú ìgbàgbọ́ yìí wà lọ́dọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé igi tí wọ́n fi bo ògiri gbọ̀ngàn orin máa ń bá àwọn olórin kọrin, bí inú gòjé òyìnbó, ìyẹn violin, ṣe ń ṣe.

Òótọ́ ibẹ̀ yàtọ̀. Leo Beranek, onímọ̀ nípa ohùn ní Amẹ́ríkà, tó ṣèwádìí ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn káàkiri ayé, fi yé wa pé pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í ran orin lọ́wọ́. Bí ohùn bá lù ú, á máa gbọ̀n, á sì gbé àwọn ohùn tó rẹlẹ̀ mì. Ẹ wo Musikverein ní ìlú Vienna, tí Theophil Hansen ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n sì ṣí ní oṣù Kìíní ọdún 1870. Gbọ̀ngàn ńlá inú rẹ̀ dà bí àpótí bàtà: ó gùn tó mítà 49, ìbú rẹ̀ jẹ́ 19, gíga rẹ̀ sì súnmọ́ 18. Torí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn tó bá lu ògiri ẹ̀gbẹ́ máa ń yára padà sétí olùgbọ́. Àwọn ère ara ògiri sì ń fọ́n ohùn ká. Pákó wà nílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń dán bíi wúrà lára ògiri, pílásítà ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ní ìlú Lahti, ní Finland, àwọn ayàwòrán ilé Hannu Tikka àti Kimmo Lintula fi igi kọ́ Sibelius Hall, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2000, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ igi àtijọ́ kan. Àwọn náà mọ ìṣòro pákó. Iyanrìn ni wọ́n rọ sáàárín pákó ògiri kí ó lè wúwo, kí ohùn tó rẹlẹ̀ má baà sọnù. Ẹwà igi ni ojú ń rí, iṣẹ́ iyanrìn ni etí ń gbọ́.

Èmi tí mò ń gbé ní Abidjan kò lè ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kí n má ronú nípa igi tiwa. Nígbà tí wọ́n tún Alice Tully Hall ṣe ní New York ní ọdún 2009, moabi, igi igbó ilẹ̀ Áfíríkà, ni wọ́n fi bo inú rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti la ojú omi Vridi ní ọdún 1950, tí ọkọ̀ òkun ńlá sì ń wọ inú ọ̀sà Abidjan, àìmọye gẹdú ìrókò àti ọ̀gànwó ló ti gba ibẹ̀ lọ sókè òkun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, igbó Côte d'Ivoire tó nǹkan bíi mílíọ̀nù hẹ́kítà 16. Lónìí, kò pé mílíọ̀nù 3 mọ́.

Kì í ṣe gẹdú nìkan ló lọ. Ìlú Abidjan ní ìlù kan tó ń jẹ́ Djidji Ayôkwé, ìlù àwọn Ébrié, tí wọ́n gbẹ́ lára igi ìrókò. Ó gùn ju mítà 3 lọ, ó sì wúwo tó kílò 430. Òun ló ń ta àwọn abúlé lólobó bí àwọn aláṣẹ Faransé bá ń bọ̀ wá kó èèyàn lọ síbi iṣẹ́ ipá. Ní ọdún 1916, àwọn aláṣẹ náà gbà á lọ́wọ́ wọn, ó sì di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Paris. Oṣù Keje ọdún 2025 ni ilé aṣòfin Faransé tó fọwọ́ sí òfin tí yóò jẹ́ kó padà sílé.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ṣé ìta gbangba kọ́ ni irú ìlù bẹ́ẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀? Kí ló kàn án kan gbọ̀ngàn? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohùn ilẹ̀ wa ló wà fún ìta. Bálàfóònù àwọn Sénoufo, tí UNESCO fi kún àwọn ohun àjogúnbá aráyé, ní agbè kéékèèké lábẹ́ pákó kọ̀ọ̀kan tó ń gbé ohùn rẹ̀ ga. Kora náà ní igbá tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé wọn kọjú sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ohùn ẹ̀rọ ni à ń gbọ́, kì í ṣe ti igi.

Palais de la Culture tó wà ní Treichville, tí Ṣáínà bá orílẹ̀-èdè yìí kọ́, tó sì ṣí ní ọdún 1999, ní gbọ̀ngàn bíi mélòó kan, ó sì ń gba eré orí ìtàgé, ìpàdé àti orin. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ilé tó bá fẹ́ gba gbogbo nǹkan kì í sábà dá etí lójú lórí ẹyọ kan. Títí di òní, èmi kò tíì jókòó ní gbọ̀ngàn kan ní Abidjan tí wọ́n kọ́ fún orin tí kò lo máíkì rárá.

Àwọn ará Èkó ti gbìyànjú tiwọn. Láti ọ̀rúndún 19 ni wọ́n ti ń ṣe àpéjọ orin, nígbà tí wọ́n ń pe Robert Coker ní Mozart Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 1983, Akintola Williams àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ MUSON sílẹ̀. Wọn kò dúró de ìjọba nìkan: wọ́n wá owó lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́, wọ́n kọ́lé sí Oníkan, wọ́n sì dá ilé ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ilé àti àwọn tí yóò lò ó gbọ́dọ̀ dàgbà pọ̀.

Bí Abidjan yóò bá kọ́ tirẹ̀, kò yẹ kí a lọ da Vienna kọ. Òjò wa kò jọ tiwọn: òrùlé páànù kan ṣoṣo á fi òjò oṣù Kẹfà bo bálàfóònù mọ́lẹ̀. Òrùlé gbọ́dọ̀ nípọn, ògiri gbọ́dọ̀ wúwo, jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà, afẹ́fẹ́ amúlétutù sì gbọ́dọ̀ máa wọlé jẹ́jẹ́. Iye ìjókòó kò ní láti pọ̀. Kí igi tí a ó lò jẹ́ igi tí a fọwọ́ gbìn, kì í ṣe èyí tó ṣẹ́kù nínú igbó.

Ìlù Ébrié ní ẹni tó jà fún un títí òfin fi jáde. Ohùn igi yòókù ń fẹ́ ẹni tí yóò kọ́ yàrá tó dákẹ́ fún un.