Èémí Ilé: Láti Àkòdì Dé Ilé Búlọ́ọ̀kù ní Ìjù

Ọ̀rọ̀ ilé ni a gbé wá lónìí, kì í ṣe ti ẹwà rẹ̀ bí kò ṣe ti èémí rẹ̀.

Kí símẹ́ńtì tó gbòde, amọ̀ ni àwọn Àwórì ìhà Ọ̀tà àti Ìjù fi ń mọ ilé, bẹẹrẹ tàbí imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n sì fi ń bò ó. Yàrá yí àgbàlá ká. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Àlàfo tó wà láàrin ògiri àti òrùlé ni èéfín àti ooru ń bá jáde. Kí a má purọ́, àwọn yàrá náà ṣókùnkùn, iná sì lè jó òrùlé wọn nígbàkúùgbà. Ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ tó nípọn kì í tètè jẹ́ kí ooru oòrùn wọlé.

Nígbà tí a dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, Maxwell Fry àti Jane Drew ni wọ́n ya àwòrán àwọn ilé rẹ̀. Wọ́n fi kọnkéré oníhò ṣe ògiri kí atẹ́gùn lè fẹ́ kọjá. Ní 1960, iléeṣẹ́ símẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìtòsí Ọ̀tà. Símẹ́ńtì dé ọwọ́ bíríkìlà wa. Ẹ̀kọ́ ihò ara ògiri kò bá a dé.

Ní 1973, owó epo rọ̀bì fò sókè ní gbogbo ayé. Ní àwọn ìlú olótùútù, ooru inú ilé di ọ̀wọ́n, ni wọ́n bá ń dí gbogbo ihò ilé pa. Ilé tí a dí bẹ́ẹ̀ kì í mí: ògiri ń rin, ó sì ń bu. Ní 1977, wọ́n kọ́ ilé kan sí Regina, ní Kánádà, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń gba ooru lára afẹ́fẹ́ àlòkù tó ń jáde, tí ó sì ń fi í fún afẹ́fẹ́ tútù tó ń wọlé, láìjẹ́ kí àwọn méjèèjì dàpọ̀.

Owó epo yìí kan náà ni Nàìjíríà fi ra símẹ́ńtì, tó bẹ́ẹ̀ tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi fi há sí èbúté Èkó ní 1975. Iléeṣẹ́ pọ̀ sí i ní Sàngó àti Ìjù, òṣìṣẹ́ ń wá yàrá, onílé sì ń kọ́ ilé tí yàrá fi kọjú síra lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́rídọ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo fún yàrá kan: níbo ni atẹ́gùn yóò gbà jáde? Ooru páànù ń bọ̀ látòkè, fáànù nìkan ni ìgbẹ́kẹ̀lé. Bí iná mànàmáná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ a dún. Bí wọ́n bá gbé e sínú kọ́rídọ̀, oró inú èéfín rẹ̀, tí kò ní òórùn, lè pa odidi ìdílé lójú oorun. Ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ní ilẹ̀ yìí.

Ẹ̀rọ Regina kò wúlò fún Ìjù. Ooru ni wọ́n ń pa mọ́ lọ́hùn-ún, tiwa ni à ń lé jáde. Fèrèsé méjì lára ògiri ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, búlọ́ọ̀kù oníhò lókè ilẹ̀kùn, àti àlàfo lábẹ́ páànù bíi ti àkòdì, ni ilé wa ń fẹ́. Kí a ta àwọ̀n ẹ̀fọn sí wọn.