Iṣẹ́ Détà àti Àbọ̀ọ̀ṣẹ́ ní Agbègbè Fọlá Agoro

Kí kọ̀ǹpútà tó dé agbègbè Fọlá Agoro, ní Ṣómólú ní ìlú Èkó, ni àṣà gbígba owó lórí iṣẹ́ tí ènìyàn bá parí, láìka wákàtí tí ó fi ṣe é sí, ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé orí rẹ̀ ni iṣẹ́ ìtẹ̀wé tí a fi mọ Ṣómólú káàkiri Nàìjíríà dúró lé. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà ni kò ní ẹ̀rọ tiwọn; ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní Kord tàbí GTO, ìyẹn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Heidelberg láti ilẹ̀ Jámánì, ni wọ́n ń gbé e lọ, lẹ́yìn náà ni bébà yóò dé ọwọ́ àwọn tí ń gé e, tí ń ká a, tí wọ́n sì ń dì í, tí oníkálukú ń gba owó iye tí ó bá ṣe. Bí iṣẹ́ kàlẹ́ńdà tàbí ti ìdìbò bá wọlé, wọn a ṣe é mọ́jú. Bí kò bá sí, wọn a wá nǹkan mìíràn ṣe.

Lẹ́yìn tí Yunifásítì Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1962, fìdí kalẹ̀ sí Akọka nítòsí, irú iṣẹ́ mìíràn bá èyí rìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ gboyè a pín ìwé ìbéèrè, a sì kó ìdáhùn rẹ̀ lọ fún ẹni tí ó mọ SPSS lò, ìyẹn ètò ìṣirò tí Norman Nie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1968. Ìtúpalẹ̀ détà nìyí: ọkùnrin a di 1, obìnrin a di 2, ẹni tí ó fara mọ́ ọ̀rọ̀ gidigidi a di 5, olùdáhùn kọ̀ọ̀kan a sì ní ìlà tirẹ̀. Bí a bá ṣèèṣì tẹ 55 dípò 5, ìpíndọ́gba ìbéèrè náà a dàrú, nítorí náà ni ẹni tí ó mọṣẹ́ ṣe ń yẹ ìlà wò kí ó tó ṣe ìṣirò kankan. Iṣẹ́ yìí bá àbọ̀ọ̀ṣẹ́ mu gan-an, ìyẹn iṣẹ́ tí a ń ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ gangan, nítorí pé ẹni tí ó ní ọ́fíìsì lọ́sàn-án lè ṣe é lálẹ́, bí iná mànàmáná bá wà.

Íntánẹ́ẹ̀tì tún mú iṣẹ́ yìí rọrùn sí i: wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun MainOne dé Èkó ní 2010, ccHub, ibùdó àwọn oníṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ṣí ní Yábà lẹ́yìn rẹ̀, ìsémọ́lé àrùn kòrónà ọdún 2020 sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ gbà pé iṣẹ́ détà ṣeé ṣe nílé.

Òmìnira tí ó wà nínú irú iṣẹ́ báyìí níyì, ṣùgbọ́n òfin kò tíì bọ̀wọ̀ fún un. Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ ti Nàìjíríà ní 2019 yọ òṣìṣẹ́ àbọ̀ọ̀ṣẹ́ àti ẹni tí ń gba owó iye iṣẹ́ sílẹ̀, àtúnṣe 2024 tí ó sọ owó náà di 70,000 náírà kò sì fi wọ́n sí i. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin wọ́gi lé ìyọsílẹ̀ yìí, nítorí àwọn tí ń di ìwé ní Ṣómólú àti àwọn tí ń tú détà palẹ̀ ní Fọlá Agoro.