Ààwẹ̀ Tí Ń Ṣáájú Ọdún Ìbí Olúwa

Bí a ti ń ṣe Júbílì páríìṣì wa ní Ifangni, ó yẹ kí a rántí àṣà kan tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìgbàgbé: ààwẹ̀ ṣáájú Kérésìmesì.

Ní nǹkan bí ọdún 581, àpéjọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Mâcon, ní ilẹ̀ Faransé, pàṣẹ pé láti ọjọ́ Mátíìnì Mímọ́, ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá, títí di Kérésìmesì, kí àwọn onígbàgbọ́ máa gbààwẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹrù náà fúyẹ́. Nígbà tí Fádà Francesco Borghero gúnlẹ̀ sí Ouidah ní 1861, ààwẹ̀ ọjọ́ tí ó ṣáájú Kérésìmesì ṣì wà nínú òfin Ìjọ. Ní 1966, Póòpù Pọ́ọ̀lù Kẹfà fi Ọjọ́rú Eérú àti Ọjọ́ Ẹtì Rere nìkan sílẹ̀ fún ààwẹ̀ ọ̀ranyàn. Ṣùgbọ́n kò ní kí a pa ìrònúpìwàdà tì. Ó so ààwẹ̀ mọ́ àdúrà àti ìtọrẹ àánú.

Òfin ni ó dẹ̀. Ìfẹ́ wa kò gbọdọ̀ dẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dín oúnjẹ àti aṣọ ọdún kù, kí a fi owó rẹ̀ tọ́jú opó àti ọmọ òrukàn àdúgbò wa. A kì í gba àlejò sí ilé tí a kò gbá. Ọba tí ń bọ̀ sì ju àlejò lọ.